Ẹ Má Kọ́ Ọpọlọ Ọkọ̀ Ní Irọ́ Pípa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sunkún. Lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦600 kí oṣù Agẹmọ ọdún náà tó parí. Epo dísẹ́ẹ̀lì ti bọ́ kúrò lábẹ́ irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Nítorí náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ti mọ adùn àti ìkorò rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú wa ṣì ń ríran, a sì ń wá gbogbo ọ̀nà tí ìnáwó náà yóò fi dín kù.

Ní Magboro, ní Ibafo àti Mowe, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́lé tàbí tó gbalé síbẹ̀ ló jẹ́ pé Èkó ni iṣẹ́ oòjọ́ wọn wà. Kùtùkùtù ni wọ́n ń bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 127. Alẹ́ ni wọ́n ń padà wálé. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ pàápàá ń san owó dísẹ́ẹ̀lì láìmọ̀. Ó ń san án nínú owó tòmátì tí tírélà kó wá láti Òkè Ọya, ó sì ń san án nínú owó yanrìn tí típà já sẹ́nu ọ̀nà ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́.

Nínú àwọn ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n ń polówó báyìí ni títún ọpọlọ ọkọ̀ kọ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní remap. Oníṣẹ́ yóò gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ dé, yóò ki wáyà bọ ihò kan lábẹ́ sítíárìn, yóò tẹ ohun tí yóò tẹ̀, yóò sì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé láti òní lọ, ọkọ̀ yóò lágbára sí i, yóò sì máa mu epo díẹ̀. Kí agbára pọ̀ sí i, kí oúnjẹ dín kù: ta ni kò fẹ́ irú ọmọ ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n owó ilé ni wọn yóò fi san án, èéfín rẹ̀ yóò sì jáde sójú títì níbi tí àwọn ọmọ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì iléèwé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí tọkọtaya jọ jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó tú owó jáde. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kò kàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tún kọ́. Orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ́. Rudolf Diesel ni, ará Jámánì, ìlú Augsburg sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ yanjú ní ọdún 1897. Níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris ní ọdún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi mú ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù nílò púlọ́ọ̀gì tí yóò ṣáná sí epo, ṣùgbọ́n ti dísẹ́ẹ̀lì kò nílò rẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ni ó kọ́kọ́ ń fà sínú. Yóò wá fún un pọ̀ títí tí àyè tí ó gbà kò fi ní ju bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ti tẹ́lẹ̀ lọ. Atẹ́gùn tí a bá fún báyẹn a gbóná janjan. Nígbà náà ni ẹnu tó ń fọ́n epo, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́sù, yóò fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ooru náà, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Láyé àwọn ọkọ̀ àtijọ́, pọ́ǹpù onírin lásán ló ń pín epo, mẹkáníìkì a sì fi sukurudíráfà tún un ṣe. Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ìgboro ń pè ní brain box ló ń pàṣẹ. Láti ọdún 1997 tí ọkọ̀ Alfa Romeo 156 ti gbé ìlànà common rail wọ ọjà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ipá tí a fi ń ti epo dé ẹnu nọ́sù ti ju ìlọ́po 1,300 ipá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni àwọn àtẹ òǹkà wà. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá tẹ epo tó báyìí, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tó báyìí, bí atẹ́gùn bá gbóná tó báyìí, fọ́n epo tó báyìí, ní ìṣẹ́jú àáyá báyìí. Àwọn àtẹ yìí ni oníṣẹ́ remap ń yí padà. Ẹ wo aláàkàrà. Ó mọ ìgbà tí òróró gbóná tó, ó sì mọ ìwọ̀n tí ṣíbí òun gbọ́dọ̀ bù. Bí ó bá bù ú pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, òróró a tutù, àkàrà a sì mu epo gbọ́rọ́gbọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì: bí epo bá pọ̀ ju atẹ́gùn tí yóò jó o lọ, kò ní jó tán, èéfín dúdú ni yóò sì fi jáde.

Ẹnìkan lè béèrè pé bí agbára bá wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, kí ló dé tí àwọn tó ṣe é kò fi tú u sílẹ̀? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń tà sí ìlú olótùútù àti ìlú olóoru, sí ibi tí epo ti mọ́ àti ibi tí kò ti mọ́, sí ọwọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò àti ẹni tó ń dúró di ìgbà tí iná pupa bá tàn. Nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà ní ìwọ̀n agbára méjì, kọ̀ǹpútà nìkan ló fi ìyàtọ̀ sí i, kí ẹni tó fẹ́ èyí tó lágbára lè san owó tó ga. Nítorí náà, àyè díẹ̀ wà tí ènìyàn lè lò. Lórí ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, àwọn oníṣẹ́ náà sábà máa ń ṣèlérí agbára tó fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti epo tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín kù. Èyí tí kò ní tọ́bò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í ṣe àfiṣòfò. Òun ni tìmùtìmù tí ọkọ̀ ń sùn lé nígbà tí epo kò bá mọ́, tí oòrùn bá mú, tí ẹrù sì wúwo.

Ó ṣeé ṣe lóòótọ́ kí epo dín kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá lágbára nígbà tí ó ń yí jẹ́jẹ́, awakọ̀ lè tètè bọ́ sí gíà tó ga, kò sì ní máa fi ariwo wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ìlérí náà so mọ́. Ẹni tí a fún ní agbára tuntun, tí ó wá ń fi í lé ọkọ̀ iwájú, yóò rí i pé epo tí ó ń jó ju ti àná lọ. Àṣírí kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Òǹkà tó ń fi iye epo hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í wọn epo ní tààrà. Àṣẹ tí kọ̀ǹpútà pa fún nọ́sù ni ó ń ṣírò. Bí a bá ti yí àṣẹ náà padà, òǹkà lè máa sọ pé epo dín kù nígbà tí kò dín kù rárá. Ilé epo ni ẹ̀rí wà. Ẹ rọ táńkì kún, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún rọ ọ́ kún, kí ẹ wá fi lítà pín kìlómítà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà ṣe àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú dísẹ́ẹ̀lì jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ta lítà kan ní ₦1,200 ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, ó sì já a sí ₦1,000 ní oṣù Igbe. Owó epo kì í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n kí a fi ₦1,200 ṣírò. Ká ní ọkọ̀ ìdílé kan ń jó lítà 10 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí ó sì ń rin kìlómítà 60 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Lítà 30 ni lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦36,000. Bí remap bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ pátápátá, ₦3,600 ni yóò fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Ká ní ₦200,000 ni oníṣẹ́ gbà, ọ̀sẹ̀ 56 ni yóò gba ìdílé náà kí wọ́n tó rí owó wọn padà, ìyẹn ju ọdún kan lọ. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ìlérí ló ṣẹ, ó di ọdún méjì ó lé. Bọ́ọ̀sì akérò tó ń rin kìlómítà 1,500 lọ́sẹ̀, tó sì ń jó lítà 12 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lè rí tirẹ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà rí i pé ohun tó dára fún onímọ́tò lè má dára fún olùkọ́ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tó wà lójú ọ̀nà wa tún yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀nà àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí Berger láti Magboro mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń rí lórí afárá gígùn náà. Ọkọ̀ tó dúró, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, lè jó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ lítà márùn-ún, ìyẹn ₦6,000 lọ́sẹ̀ tí a fi ra ìdúró. Kò sí àtẹ òǹkà tí yóò gba owó yẹn padà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹun kí ó tó lè máa yí. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò méjì bá gbà láti máa jọ lọ nínú ọkọ̀ kan, tí wọ́n sì pín owó epo sí méjì, ₦18,000 ni ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò rí tọ́jú lọ́sẹ̀ nínú ₦36,000 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ìlọ́po márùn-ún ohun tí remap ṣèlérí nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Epo tí a ń rà náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ Public Eye ti ilẹ̀ Swítsálándì tú u síta pé àwọn oníṣòwò epo ń kó dísẹ́ẹ̀lì tó kún fún imí-ọjọ́ wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà náà, òfin Nàìjíríà fàyè gba ìwọ̀n 3,000 nínú mílíọ̀nù kan. Ti ilẹ̀ Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Côte d'Ivoire jọ fẹnu kò sí ìwọ̀n 50. Gánà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n tiwa falẹ̀. Imí-ọjọ́ máa ń di ásíìdì tó ń jẹ irin, ó sì máa ń tètè dí asẹ́ èéfín. Nígbà mìíràn omi wà nínú epo náà pẹ̀lú, nọ́sù òde òní kò sì lè fara da omi rárá. Ọkọ̀ tí a ti gba tìmùtìmù rẹ̀ kúrò, tí a tún wá ń fún ní irú epo bẹ́ẹ̀ mu, kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ibí yìí gan-an ni irọ́ ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tókùnbọ̀ tó wá láti Yúróòpù ló ní asẹ́ nínú sàlẹ́ńsà, tó ń mú èérí kí ó má bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ó yẹ kí asẹ́ náà máa gbóná lóòrèkóòrè kí ó lè jó èérí inú rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rá pálá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Asẹ́ a dí, iná a tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ a sì di ọ̀lẹ. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọn a gé asẹ́ náà sọnù, wọn a sì tún ọpọlọ ọkọ̀ kọ kí ó lè gbàgbé pé asẹ́ wà níbẹ̀ rí. Iná a kú, ọkọ̀ a tún sáré, ẹni tó ni ín a sì rẹ́rìn-ín. Èérí tí asẹ́ ń mú ni ó wá ń jáde sójú àdúgbò.

Ẹni tó bá rò pé irọ́ yìí kéré, kí ó wo Volkswagen. Ọjọ́ 18 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2015 ni àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà kéde pé ilé iṣẹ́ náà ti kọ́ ọpọlọ àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti máa dá ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ wọ́n wò mọ̀. Bí àyẹ̀wò bá ń lọ, èéfín a mọ́. Bí ọkọ̀ bá dé títì, gáàsì olóró kan á jáde tó ìlọ́po ogójì ohun tí òfin gbà. Bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ káàkiri ayé ni wọ́n fi ìṣètò náà sí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì West Virginia tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n èéfín sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n sì wà á lọ sójú ọ̀nà gidi, ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé òǹkà kò bára mu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà fi ipò sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ẹ̀yin òbí, èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ìlú nìkan. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èéfín dísẹ́ẹ̀lì sí ipò kìn-ín-ní nínú àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ sí ènìyàn lára, pàápàá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó dúró létí títì kúrú. Imú rẹ̀ sún mọ́ ìwọ̀n gíga ẹnu sàlẹ́ńsà ju ti àgbàlagbà lọ. Owó tí a fi ọgbọ́n remap tọ́jú, tí a wá gbé lọ sí ilé ìwòsàn, kò di èrè fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Iṣẹ́ gidi ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ bi oníṣẹ́ náà ní ìbéèrè márùn-ún. Ìkíní, ṣé ó ti fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò, tí ó sì rí i pé tọ́bò, nọ́sù àti gíà rẹ̀ pé? Remap kì í wo ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn sàn. Ìkejì, ṣé ó ti da àtẹ àtilẹ̀wá inú ọkọ̀ náà kọ, yóò sì fún yín ní ẹ̀dà kan kí ẹ lè padà sí i bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́? Ìkẹta, ṣé ọkọ̀ tiyín ni ó ṣe àtẹ tuntun náà fún, àbí ó kàn wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ìkẹrin, ọ̀nà wo ni yóò fi ti bátìrì lẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ? Bí iná bátìrì bá rẹlẹ̀ láàárín kíkọ, ọpọlọ ọkọ̀ lè kú síbẹ̀. Ìkarùn-ún, kí ni yóò ṣe sí asẹ́ èéfín? Bí ó bá ní òun yóò yọ ọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sílé.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí owó kékeré lè ṣe. Ẹ pààrọ̀ fítà epo àti fítà atẹ́gùn lásìkò, kí ẹ sì máa tú omi ìsàlẹ̀ fítà epo dànù. Ẹ wọn atẹ́gùn táyà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí táyà tó rọ̀ ń fa epo. Ẹ kó ẹrù tí kò wúlò kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i pé iwájú kò lọ mọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ tó wà ní ìlera bá ti gba gbogbo ìtọ́jú yìí, tí òǹkà ilé epo yín sì fi hàn pé ọ̀nà ṣì jìn, a lè wá sọ̀rọ̀ ọpọlọ rẹ̀.

Ọgbọ́n ju agbára lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi irọ́ pò kì í tọ́jọ́. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.